Ẹ̀mú Pupa Lọ́wọ́ Ọ̀tún

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo tẹ̀ lé, mi ò wo àmì. Èmi àgbàlagbà tí mo ti ń wa ọkọ̀ láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú ilé wa ní Whalebone nílùú Òyìnbó níbí, mo rí orí méjì lára bátìrì, ìdọ̀tí ti bo àmì wọn, mo wá sọ lọ́kàn ara mi pé: ọwọ́ ọ̀tún la fi ń gba ohun rere, torí náà ọ̀tún ni wáyà pupa ń lọ. Bí mo ṣe so ó nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Tàbí kẹ́ ẹ rín in díẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni. Bátìrì kú nítorí pé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, mo jókòó sínú ọkọ̀ mò ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò kí ìyàwó mi má baà rí mi rán níṣẹ́, mo sì gbàgbé iná iwájú ní títàn. Ìyàwó mi ti bá àwọn akọrin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà ti wọ sùtánà, láìwọ bàtà, bí àwa ìjọ aláṣọ funfun ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, lọ síbi iṣẹ́.

Ọmọbìnrin náà ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan lápá Dagenham Dock. Iṣẹ́ yẹn ló gbé e wọ ìlú yìí, iṣẹ́ yẹn náà ni fíísà rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bọ́ọ̀sì ti mú un pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti fún un ní lẹ́tà: bó bá tún pẹ́, kó máa lọ. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń retí rẹ̀. Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ní "ká", ó dákẹ́. A pe takisí, ó gbà, ó tún kọ̀. Bọ́ọ̀sì tí à bá wọ̀ dé Becontree Heath ká tó wọ òmíràn ti lọ.

"Ańkù, kí la fẹ́ ṣe báyìí?" Ọmọbìnrin náà ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rántí jọ́ǹpù sítátà tí ọmọ mi rà fún mi, ẹ̀rọ kan tí kò ju Bíbélì lọ, tó ń jí bátìrì láìsí ọkọ̀ kejì. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mò ń bẹ̀rù iná. Gílóòbù ilé wa gan-an, ìyàwó mi ló ń pààrọ̀ rẹ̀. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ mi lásán. Mo gbàdúrà kúkúrú, mo fi ẹ̀mú pupa ẹnu wáyà gbá orí ọ̀tún mú, mo fi dúdú sí òsì, mo ki ìdí wáyà bọ inú ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ figbe ta! Pí-pí-pí-pí, iná pupa ń ṣẹ́jú. Mo sá. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo ká sùtánà sókè, ó di ẹ̀yìn ike ìdalẹ̀nù aládùúgbò wa, mo fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ nídìí ohun tí mo rò pé ó fẹ́ bú gbàmù.

Òun ò sá. Ó fa wáyà yọ lára ẹ̀rọ, igbe dákẹ́.

"Ańkù, ẹ padà wá jàre! Ó ń kìlọ̀ fún yín ni. Ta ló ní kẹ́ ẹ so pupa síbí?"

"Ọ̀tún ni."

"Háà! Bátìrì mọ ọ̀tún ni?"

Ó tú ẹ̀mú méjèèjì, ó fi tíṣù nu orí bátìrì. Àmì àròpọ̀ tí wọ́n fi pàṣán kọ́ mi ní pírámárì ló yọjú lọ́wọ́ òsì. Ó wò ó bóyá bátìrì sán tàbí ó ń jò, kò sí. Ó ní kí n ká apá sùtánà kí fáànù ẹ́ńjìnnì má baà wọ́ ọ lọ. Ó so pupa mọ́ àròpọ̀, ó so dúdú mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tó jìnnà sí bátìrì, kò jẹ́ kí ẹnu ẹ̀mú méjèèjì kan ara wọn. Ìgbà tó wá ki wáyà bọ ẹ̀rọ, iná aláwọ̀ ewé ló tàn.

"Ẹ sítáàtì. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀."

Mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ wúkọ́, ó kú. Ọmọbìnrin náà ní àfi ká jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú yẹn gùn ju ààwẹ̀ lọ. Ó ń wo fóònù, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Mò ń ro ohun tí mo máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi: pé nítorí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe dá ọmọ rẹ̀ padà sílé?

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó yọ dúdú, ó yọ pupa, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó bẹ́ sínú ọkọ̀. Mi ò pa ọkọ̀ títí a fi dé ilé ìtọ́jú náà.

Ọ̀gá wọn obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́. Ó wo aago ara ògiri, ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó wo èmi náà láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ti la ẹnu láti bẹ̀bẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣì kù," ló sọ fún un. "Tètè lọ fọwọ́. Màmá inú yàrá kẹrin ní ìwọ nìkan lòun máa gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ."