Ọjọ́ Tí Ìrẹsì Tútù Dá Ìjà Sílẹ̀ Láàárín Èmi àti Ìyá Ọkọ Mi

Ọjọ́ Sátidé tí ìyá ọkọ mi wá láti Ẹ̀pẹ́ sí ilé wa ní Ìkòròdú kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Wọn kò fẹ́ràn mi, èmi náà kò sì fẹ́ràn wọn.

Mo fi ìkánjú ti ìrẹsì àná bọ inú maikirowéèfù, ẹ̀rọ tí a fi ń mú oúnjẹ gbóná, mo sì gbé e fún wọn. Etí àwo ń jóni lọ́wọ́, àárín ìrẹsì tutù bíi yìnyín. Wọ́n bu díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n sì tu ú sílẹ̀.

"Ṣé ìrẹsì tútù lo fẹ́ fi lé mi padà sí Ẹ̀pẹ́ ni?"

Mo dá wọn lóhùn pé: "Màmá, ẹ má bú mi nínú ilé mi!"

Ọkọ mi wolẹ̀.

Mo já àwo náà gbà. Mo wọ́n omi sí ìrẹsì, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo fi ọmọrí bò ó, mo sì gbé e padà sínú ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, mo rò ó pọ̀, mo tún gbé e padà sínú ẹ̀rọ, mo wá jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbóná dọ́gba, ó sì rọ̀.

Wọ́n jẹ ẹ́ tán láìwo ojú mi. Wọn kò dúpẹ́, n kò sì bẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo gbọ́ tí wọ́n rọra bi ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà pé: "Níbo lẹ ti ra ẹ̀rọ yẹn?"