Ibà Tó Jáde Sétè

Bí ibà bá ń fi ènìyàn sílẹ̀, egbò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ a máa sú sí i létè. Àwa Yorùbá kì í bẹ̀rù rẹ̀. "Ibà ti jáde," là ń wí, bí ẹni pé àlejò burúkú ti di ẹrù rẹ̀, ó sì ti bọ́ síta. Gbólóhùn yìí ló pa ọmọ mi obìnrin ní Torino, nílẹ̀ Ítálì. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé àwọn tó mọ̀ pinnu pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́.

Ìgbà òtútù kan ni, láàárín àwọn ọdún 1990. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí a ń pè ní Màmá, wá láti Padova, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, kí wọ́n lè máa bá wa wẹ ọmọ tuntun. Ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ni. Egbò wà létè wọn. Imú ọmọ dí. Wọ́n fi ẹnu bò ó, wọ́n fa ikun rẹ̀, wọ́n tu ú dànù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, egbò ẹnu yín ńkọ́?"

"Dókítà oníwèé!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tó ti jáde? Ẹnu yìí náà ni mo fi fa ikun tìrẹ. Ṣé o kú?"

Mo gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bínú títí dalẹ́.

Kò pẹ́ tí ọmọ kò fẹ́ mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ sì gbóná. Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Ìyàwó mi kò tíì gbọ́ èdè Ítálì, nítorí náà Màmá ló ń ṣe ògbufọ̀. Egbò ti jinná létè wọn nígbà yẹn. Dókítà béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé ti ní febbre lẹ́nu. Febbre ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ibà. Òun náà ni wọ́n ń pe egbò ètè.

"Febbre finita," ibà ti tán, ni Màmá dáhùn. Wọn kò purọ́. Ibà ti jáde.

Nígbà tí mo dé, tí mo sọ ohun tí mo rí, ojú dókítà yí padà; ó ní kòkòrò inú egbò ètè bẹ́ẹ̀ máa ń pa ọmọ tuntun. Wọ́n sáré fún un ní oògùn tó yẹ, ṣùgbọ́n gìrì ti mú un. Kò la ojú mọ́.

Àwọn àgbà ìjọ wa pè mí sí kọ̀rọ̀. "A kì í tú àgbà láṣọ lójú agbo. Bí o bá sọ ọ́ sí màmá yẹn létí, o ti pa wọ́n nìyẹn. Sọ pé Olúwa ló gbà á." Gbogbo ìjọ sì wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀bi náà ru Olúwa, Ẹni tí kò lè já wọn nírọ́.

Ní ọdún kejì, a lọ síbi ìkómọ kan ní Piacenza. Màmá jókòó níwájú, ibà ti tún jáde sí wọn létè. Imú ọmọ náà dí. Ìyá rẹ̀ dìde, ó ń gbé e bọ̀ fún wọn.

"Má gbé e fún wọn!" Mo ti dìde kí n tó mọ̀. "Ibà tó jáde sí wọn lẹ́nu ló pa ọmọ mi."

Màmá fi ìka kan ètè wọn.

"Ọkọ mi, èmi kẹ̀?"

Ìyá ọmọ fà á padà sáyà. Imú rẹ̀ ṣì ń dún. Ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu kàn án.