Bí A Ṣe Fi Àáró Bọ́ Lọ́wọ́ Sìgá

Wọ́n kí mi lóko, mi ò lè dáhùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, mo ń kọ ebè iṣu lóko wa lẹ́yìn ìlú Ìrókò. Bọ̀dá Làmídì, tí oko wọn bá tèmi pààlà, ké sí mi pé, "Bàbá Dúpẹ́, o kú iṣẹ́ o!" Mo la ẹnu, ohùn ò jáde. Mo di ẹ̀rúkọ́ mú, mo tẹ̀ ba, àyà mi ń dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

Wọ́n tún kí mi, mo tún dákẹ́. Ni wọ́n bá sọ àdá sílẹ̀, wọ́n ń fìbínú bọ̀.

"Ṣé a jà ni? Àbí o ti joyè tí mi ò gbọ́?"

Nígbà tí wọ́n rí ojú mi, ìbínú wọn rọ̀. Wọ́n mú mi jókòó sórí ebè. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè sọ pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Èémí ni."

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti máa ń húkọ́ láràárọ̀ kí n tó lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì ń jáde. Mo ní ọyẹ́ ni. Nígbà tí ọyẹ́ lọ, mo ní eruku ni. Mo mu àgbo, wọ́n gbàdúrà fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa, mo sì ń mu sìgá mi lọ. Ìyàwó mi ló fòpin sí àwáwí mi. Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, bẹ́ ò bá tẹ̀lé mi lọ sọ́sípítù lọ́la, ẹ máa dá oúnjẹ yín sè."

Àga gbọọrọ ni wọ́n tò sílé ìwòsàn. À ń sún díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn wọlé. Bàbá kan wà níwájú mi tó ń mí bí ẹni tó ń sáré, bẹ́ẹ̀ ó jókòó ni. Mi ò fẹ́ wò ó, síbẹ̀ ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. Ìyàwó mi ń bu omi fún mi.

Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n sì ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá kan. Kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ tí mo ti ń bẹ̀rù. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, èéfín ti mú kí tèmi wú, kí wọ́n sì fún. Atẹ́gùn ń wọlé, ṣùgbọ́n ara ń jìjàdù kó tó jáde. Ó fún mi ní oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu láti la ọ̀nà náà. Ó ní èyí tó ti bàjẹ́ ò ní padà bọ̀ sípò tán, àmọ́ bí mo bá fi sìgá sílẹ̀, kò ní máa yára bàjẹ́ sí i. Bí mi ò bá fi í sílẹ̀, ọjọ́ ń bọ̀ tí mi ò ní lè rìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé.

Nọ́ọ̀sì tó kó oògùn fún mi tún fi kún un. Wọ́n ní nǹkan kan wà nínú ewé tábà tí wọ́n ń pè ní nikotíìnì, òun ló ń so ọpọlọ mọ́lẹ̀. Bí ọpọlọ ò bá rí i, á máa jà: orí á fọ́ni, inú á máa bíni, oorun á dá lójú. Wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ló le jù, pé á máa rọlẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Ta lẹ jọ ń mu ún?"

Mo ní, "Àwọn tá a jọ ń ṣe àáró ni."

"Ẹ lọ bá wọn. Ẹ má dá a ṣe."

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo mu ọ̀kan kí n tó délé.

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe àáró: èmi, Bọ̀dá Làmídì, àti Jákọ́bù ẹgbẹ́ mi. Bó bá jẹ́ oko tèmi lónìí, á jẹ́ tìẹ lọ́jọ́ mìíràn, a kì í yẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká jọ fi sìgá sílẹ̀. Bọ̀dá Làmídì gbà lójú ẹsẹ̀, torí wọ́n ti rí mi lórí ebè. Jákọ́bù ló ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀dọ̀fóró tìẹ ló ń ṣàìsàn. Kí ló wá kan tèmi tí mo fi máa bá ẹ gbààwẹ̀?"

Bọ̀dá Làmídì ní, "Ìwọ ọmọ Kérúbù! Ìwọ tó ń fi tùràrí bo òórùn sìgá mọ́ra lọ́jọ́ Sunday! Wàláì, Ọlọ́run tìẹ pàápàá á fẹ́ kó o gbààwẹ̀ yìí."

Jákọ́bù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mú mi." Òun náà gbà. A fẹnu kò pé bí ìyánhànhàn sìgá bá mú ẹnikẹ́ni lóko, kó pariwo rẹ̀ síta. Bó bá jẹ́ ilé ni, kó tẹ àwọn yòókù láago, ká máa bá a sọ̀rọ̀ títí á fi kọjá.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ mọ ohun tí ojú mi rí. Orí fọ́ mi. Mo ń làágùn lórí ìjókòó. Inú mi há, mi ò rí ìgbẹ́ yà dáadáa. Ikọ́ tiẹ̀ pọ̀ sí i, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń jáde ju tẹ́lẹ̀ lọ, àfìgbà tí nọ́ọ̀sì sọ pé ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbálẹ̀ ara rẹ̀ ni ọkàn mi tó balẹ̀. Mo bá ìyàwó mi jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ iyọ̀ náà ò ṣe nǹkan kan. Orín ni mò ń run látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bọ̀dá Làmídì máa ń pè mí nírọ̀lẹ́, kìkì iye tí wọ́n ń ta iṣu lọ́jà la ó máa sọ títí ara mi á fi rọ̀.

Ibi tó ti fẹ́ bà jẹ́ pátápátá ni oko Jákọ́bù. Àárọ̀ la débẹ̀, a kọ ebè, a kọ ebè, oòrùn gòkè, a ò dáwọ́ dúró. Òòyì kọ́ mi, mo ṣubú sáàárín poro. Jákọ́bù pẹ̀lú dúró, ó fara ti ọkọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti sọ fún yín! Ara tó ti mọ sìgá lára, ẹ ò lè já a gbà lójijì. Ó máa pa wá ni." Ó ṣí fìlà, ó yọ ọ̀pá sìgá kan tó ti fi pa mọ́ síbẹ̀. "Bàbá Dúpẹ́, fa díẹ̀. Bí oògùn ni. Ojú ẹ á wálẹ̀."

Mo gbà á. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ti fi sẹ́nu, ìṣáná ló kù. Ohun tí mò ń rò ni bàbá tó ń mí lórí àga yẹn, síbẹ̀ ọwọ́ mi nà sí ìṣáná.

Bọ̀dá Làmídì ní, "Ẹ dúró ná. Látìgbà tá a ti dé, ta ló ti jókòó?"

Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó tíì jókòó.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá jókòó lóko àáró kí iṣẹ́ tó parí, ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ní òun fẹ́ mu sìgá, kò sẹ́ni tó máa bú u. Sìgá la fi ń tọrọ àyè ìsinmi lọ́wọ́ ara wa. Ọjọ́ tá a fi í sílẹ̀ la fi ìsinmi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, a ò mọ̀. A ò mu omi, a ò jẹun, ojú ń ti kálukú láti kọ́kọ́ jókòó.

Bọ̀dá Làmídì ní, "Ẹ jókòó. Èmi àgbà yín ni mo kọ́kọ́ jókòó, kí ẹni tó bá máa bú ọ̀lẹ bẹ̀rẹ̀ látorí mi." Wọ́n fẹ̀yìn ti igi, wọ́n na ẹsẹ̀. Mo dá sìgá padà fún Jákọ́bù. A mu omi, a sun iṣu. Òòyì náà lọ.

Jákọ́bù mu tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lẹ́bàá igbó, ó kẹ̀yìn sí wa. Nígbà tí àáró tún yí kàn án, kò ránṣẹ́ pè wá. Ojú ń tì í. Bọ̀dá Làmídì gbé ọkọ́ wọn lé èjìká, àwa méjèèjì lọ bá a nílé. Ó ní ká máa lọ, pé òun ti yẹ àdéhùn.

Bọ̀dá Làmídì ní, "Ṣé sìgá ẹ la bá ṣe àáró ni? Ìwọ ni. Mú ọkọ́."

Látìgbà náà, ó tún ń gbìyànjú. Ó ti mu ún lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìyẹn, ó sì sọ fún wa fúnra rẹ̀. Èmi àti Bọ̀dá Làmídì ò tíì mu ún.

Kì í ṣe gbogbo òòyì ni omi àti ìjókòó ń wò. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí èémí bá há, ẹ má jókòó sábẹ́ igi, ẹ lọ sọ́sípítù. Èmi náà padà lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tí òòyì kọ́ mi yẹn, wọ́n sì yẹ̀ mí wò. Mo ṣì ń fa oògùn mi, mi ò sì lè gun òkè bíi tàtijọ́. Àmọ́ mo ń gbọ́ òórùn ilẹ̀ bí òjò bá ti ń ṣú, mo sì ń kọ orin dé ìparí ẹsẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ń yà mí lẹ́nu pé fún ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìsinmi ni ara mi ń bèèrè, èéfín ni mò ń bù fún un, kò sì kọ̀ mí. Ó gbé mi dé ibi tó lè gbé mi dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá a, àti lọ́wọ́ ìyàwó mi tó ní kí n dá oúnjẹ sè. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ní òwúrọ̀ pàápàá.

Ọ̀la, oko Jákọ́bù ló kàn. Bó bá mu ún, bí kò mu ún, a máa débẹ̀.