Ẹni Tó Tún Sikútà Bàbá Ṣe

Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlógún tí obìnrin náà ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, síbẹ̀ bàbá rẹ̀ kò tẹsẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí. Nígbà tí sikútà kékeré oníná tí bàbá ń gùn kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ di kò-sí-bí-a-ti-í-ṣe, ló bá tì í wá.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni mo kọ́kọ́ pè," ni bàbá wí. "Kò gbé fóònù."

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ jẹ́ n wò ó."

Ẹ̀rọ iná rẹ̀ ń kùn, ṣùgbọ́n wíìlì ẹ̀yìn kò yí. Obìnrin náà tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ wíìlì, ó rí i pé eyín bẹ́líìtì tó ń fà á ti jẹ tán. Ó fi tuntun sí i, ó fà á le níwọ̀n, ó ń fi ọwọ́ yí wíìlì náà títí tí kò fi há mọ́. Gírísì kùn ún dé ìgúnpá. Bàbá kàn ń wo títì ní tirẹ̀.

Bàbá gùn ún, ó lọ geerege, kò dúpẹ́. Kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí alágbàfọ̀ tó wà lódìkejì títì fi dá a dúró, ó kí i.

"Bàbá, ta ló bá yín tún un ṣe?"

"Ọmọ mi ọkùnrin ni. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ gan-an."

Obìnrin náà gbọ́ ọ ketekete. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń wí yìí kò mọ sípánà yàtọ̀ sí ṣíbí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò pe bàbá rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú títì? Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.