Àgbébọ̀ Mẹ́ta àti Tíṣà Kan

Ẹnu mi ló kó mi sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ agùnbánirọ̀ dé láti Òkè Ọya, mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́ pé kò sí ẹni tó mọ adìyẹ í yan tó mi ní gbogbo Ìlọrin. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tíṣà kan nítòsí Ọjà-Ọba tó tọ́ ọ dàgbà, ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá tọ́ adìyẹ mi wò. Bí adìyẹ bá dùn, ká máa sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Bí kò bá dùn, òun ò lè fi àbúrò òun fún afúnnu. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ní ẹ̀gbọ́n òun kì í ṣeré.

Lọ́jọ́ Fúráìdé, mo ra àgbébọ̀ mẹ́ta ní Ọjà Tuntun. Àwọn tó tóbi jù ni mo ṣà, ojú kúkú ń fẹ́ ńlá. Àáfà àdúgbò wa bá mi dú wọn. Mo gún ata, atalẹ̀ àti àlùbọ́sà, mo da kọ́rì àti táìmù sí i, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, mo fi pa ẹran náà lára nínú ike ńlá kan, mo dé e kó sùn mọ́jú.

Mi ò sọ fún ìyá mi.

Òórùn ẹran bíbọ̀ ló jí mi. Mo sáré dé ilé ìdáná.

"Mọ̀ọ́mi, adìyẹ mi ńkọ́?"

"Ìwọ ọmọ yìí! O kó ẹran tútù sílẹ̀ mọ́jú, iná ò sí, fíríìjì ò tutù, bí ẹni tí kò ní ìyá nílé! Mo ti fi iyọ̀ fọ gbogbo ìdọ̀tí yẹn kúrò. Omi ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ló tó mọ́."

"Ìdọ̀tí kẹ̀? Èròjà mà ni!"

"Èròjà tó ti kan. Gbà mí, jàre."

Itan kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú ike pẹ̀lú èròjà rẹ̀ lára, torí pé ìkòkò kún. Mo gbà á bí ẹni tó gba ọmọ lẹ́nu iná. Òun ni tíṣà máa jẹ.

Lọ́sàn-án, mo dáná èédú lẹ́yìnkùlé, mo yan gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ìyá mi bọ̀, mo kàn fi ata àti òróró pa wọ́n lára ni, n ò tilẹ̀ wo ojú wọn. Nígbà tí tíṣà àti àbúrò rẹ̀ jókòó, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé itan fún tíṣà. Ó gé e jẹ. Ó fà á, itan náà fà á padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé adìyẹ nìyí ni àbí bẹ́líìtì?"

"Àgbébọ̀ ni," ìyá mi dáhùn. "Ta ní ń yan àgbébọ̀ láìbọ̀ ọ́?"

Tíṣà mú òmíràn nínú tíréè. Ó jẹ ẹ́, ó tún mú èkejì.

"Èyí ńkọ́? Ta ló ṣe é?"

Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì pé kí n ní èmi ni. Mo wo ìyá mi. Ìyá mi ń wo ojú sánmà.

"Àǹtí, ìyá mi ni. Bẹ́líìtì ni tèmi."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, kò mọ adìyẹ í yan o, ṣùgbọ́n kò purọ́." Ó wá yíjú sí ìyá mi: "Màmá, ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀ nílé wa?"

"Ọjọ́ tí ẹ bá dá," ni ìyá mi wí. "Àmọ́ èmi ni n ó se ẹran o."