Bàbá Rẹ́gí, Ẹni Tó Wá Onígbọ̀wọ́ fún Apẹja

Ohun tí gbogbo àdúgbò fi ń rántí Bàbá Rẹ́gí jù ni ọjọ́ tó wọn ọwọ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ olókùn. Òun àti ọmọ àbúrò rẹ̀, ọmọbìnrin ẹni ọdún méjìlélógún tí gbogbo wa ń pè ní Apẹja, ni wọ́n jọ lọ wá ìgbọ̀wọ́ ní ọ́fíìsì ọ̀gá náà, torí pé okùn ìwọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìdíje ẹja pípa sì ni ọmọ náà ń bá kiri. Ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa. Ọ̀gá ti ní kí wọ́n jókòó, ó ti ní kí wọ́n gbé omi tútù wá, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ẹja àrọ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ pa nínú odò ìlú rẹ̀ nígbà èwe. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Báyìí ló gùn."

Bàbá Rẹ́gí dìde, ó fa téèpù yọ lápò, ó sì nà án láti ọwọ́ kan ọ̀gá dé èkejì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira, sà." Ó wo téèpù náà dáadáa. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti díẹ̀. Nínú odò tí ẹ dárúkọ yẹn, a ò tíì rí èyí tó ju méjì lọ. Ṣé ẹ ò ní dín in kù?"

Apẹja ní ṣe ló ń wu òun kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Obìnrin tó ń mójú tó ìpolówó ilé iṣẹ́ náà, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, fi fáìlì bojú, ẹ̀rín sì ń gbọn èjìká rẹ̀. Ọ̀gá rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó dín nǹkan kù lóòótọ́: àkókò tó fẹ́ lò pẹ̀lú wọn ni.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Rẹ́gí fi ṣiṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó máa yẹ ìwọ̀n àwọn ọlọ́jà wò lọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ náà kọ̀, kò fẹ̀yìn tì. Ìwọ̀n mẹ́ta ló wà ní pálọ̀ rẹ̀, àga méjì péré ló sì wà níbẹ̀. Tí o bá sọ fún un pé o ti ń dúró láti àárọ̀, yóò bi ọ́ pé láti aago mélòó. Tí o bá ní ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá síbì kan, yóò ní kí o dárúkọ ogún nínú wọn.

Ọ̀dọ̀ òun àti ìyàwó rẹ̀ ni Apẹja dàgbà sí. Ọmọ náà mọ ẹja í pa, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìwọ̀ kan ṣoṣo ló ní, wọ́n sì ti fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ láàárín. Ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí òun kò bá rí onígbọ̀wọ́ kí ọdún náà tó parí, òun á pa ìdíje tì, òun á lọ dúró sídìí káńtà ní ilé ìtajà kan tó ti ń pè é síṣẹ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wá onígbọ̀wọ́. Wọ́n ní kó máa rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, kó na ẹja síwájú kámẹ́rà kí ó lè tóbi, kó má sì mẹ́nu kan ibi tó ti fìdí rẹmi. Bàbá Rẹ́gí gbọ́, ó ní òun ni yóò kọ lẹ́tà náà torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé òun dára. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Lẹ́tà náà ni kò dára. "Ọmọ wa gbé ipò kọkànlá nínú ìdíje tó kọjá," bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Àwọn mọ́kànlá ló kópa." Lábẹ́ fọ́tò, ó kọ ọ́ pé, "Ẹja yìí kò tó bó ṣe rí. Ọmọ wa ló na ọwọ́." Ilé iṣẹ́ mẹ́rìnlá ló fi ránṣẹ́ sí. Ilé iṣẹ́ olókùn nìkan ló ní kí wọ́n wá, ẹ sì ti gbọ́ bí ìyẹn ṣe parí.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ìdíje kan wáyé létí adágún omi. Ọ̀gá olókùn àti obìnrin ìpolówó náà wà níbẹ̀, wọ́n pàtẹ ọjà wọn. Apẹja fa àrọ̀ kan jáde tí gbogbo èèyàn fi dìde dúró. Ẹja náà ń jà fitafita, ni ẹni tó ń wọn ẹja bá jù ú sínú àpò kó tó gbé e kọ́ ìwọ̀n. Wọ́n kéde pé Apẹja ló gbé ipò kìíní. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Rẹ́gí la èrò kọjá.

"Àpò yẹn ti mu omi," ó sọ fún ẹni tó ń wọn ẹja. "Ti àwọn yòókù, ẹja nìkan lẹ gbé kọ́. Ẹ yọ àpò kúrò."

Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún ẹja náà wọ̀n, Apẹja sì bọ́ sípò kejì. Lójú ọ̀nà ilé, ó gbé ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì ṣíwájú bàbá rẹ̀. Bàbá náà gbìyànjú láti tù ú nínú. Ó ní ká ní ìdíje àpò ni, kò sẹ́ni tí ì bá fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ náà, ká má parọ́. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó sunkún. Ìyàwó Bàbá Rẹ́gí ní kí ọkọ òun lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní òun ò lè tọrọ àforíjì nítorí àpò, ṣùgbọ́n ẹkún ọmọ náà ò jẹ́ kí òun lè jókòó. Ó wá gbé àga lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó sì bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀.

"Wọ́n á bi ọ́ lọ́jọ́ kan pé kí ni ẹja rẹ wọ̀n," ó ní. "Mo fẹ́ kí o lè dáhùn láì bojú wẹ̀yìn."

Nígbà tó yá, Apẹja ṣílẹ̀kùn kí àga náà lè wọlé.

Lọ́jọ́ kẹta ni obìnrin ìpolówó náà pè. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀gá òun ti ń kọ ìwọ̀n ẹja tí okùn wọn lè fà sára páálí, àwọn apẹja ò sì gbà á gbọ́ rí. Tí ọmọ tí ará ilé rẹ̀ fọwọ́ ara wọn gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀ bá wá sọ pé okùn náà dára, ta ni yóò jà á níyàn? Bí Apẹja ṣe rí onígbọ̀wọ́ nìyẹn: ọ̀pá ìwọ̀ tuntun, okùn, aṣọ tí orúkọ ilé iṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, àti ọkọ̀ tí yóò máa gbé e lọ síbi ìdíje. Bàbá Rẹ́gí dúpẹ́ gidigidi, ó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ dán okùn náà wò. Kílò mẹ́wàá ni páálí wí. Bó ṣe kọjá mẹ́sàn-án díẹ̀, okùn já. Apẹja di ojú. Ọ̀gá wo okùn, ó wo bàbá, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn tó ń tẹ páálí. Títí di òní, mẹ́sàn-án ló wà lára rẹ̀, ó sì ń tà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àdéhùn wọn ni pé kí Apẹja máa kọ ìròyìn ránṣẹ́ lóṣooṣù. Bàbá Rẹ́gí a máa kà á kó tó lọ, ohunkóhun tó bá sì ti dùn jù, yóò fi bírò pa á rẹ́. Obìnrin ìpolówó náà lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀: "Ẹja méjì. Ọ̀kan kéré, mo dá a padà sómi. Èkejì dá ara rẹ̀ padà."

Nígbà tí àìsàn dé, dókítà ní kí wọ́n máa retí oore. Bàbá Rẹ́gí ní kó sọ iye ọjọ́ tó kù fún òun. Dókítà ronú títí, ó ní bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Bàbá ní kí wọ́n bá òun sọ fún dókítà pé kó lọ tún ìṣirò rẹ̀ yẹ̀ wò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ló dákẹ́.

Oṣù náà parí, ìròyìn gbọ́dọ̀ lọ. Apẹja kọ ọ́ pé, "Mi ò pa ẹja kankan. Mi ò tilẹ̀ dé etí omi. Bàbá mi kú." Obìnrin ìpolówó náà pè lójú ẹsẹ̀. Kò béèrè nípa ìdíje. Ó ní kí Apẹja sọ fún òun bí bàbá náà ṣe máa ń ṣe nínú ilé. Apẹja bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín gbà á, ẹ̀rín gba obìnrin náà, títí Ìyá, ìyàwó Bàbá Rẹ́gí, fi jáde láti yàrá, tó ní kí wọ́n gbé fóònù fún òun.

"Nígbà tí Bàbá ń fẹ́ mi sọ́nà," Ìyá ní, "mo bi wọ́n bóyá èmi ni mo lẹ́wà jù ládùúgbò. Wọ́n ronú. Wọ́n ní mo wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó bí mi nínú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú gan-an, mo ní kí wọ́n kúkú wá dárúkọ àwọn méjì yòókù fún mi."

Obìnrin náà bi í pé kí ni wọ́n sọ.

"Wọ́n di ọwọ́ mi mú," Ìyá ní. "Wọ́n ní àwọn ti ń wá àwọn méjì náà láti ogójì ọdún, àwọn ò tíì rí wọn."