Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Kò Pọ̀

Àkọ́bí mi obìnrin, tó ń gbé ní ìlú Òyìnbó, ló fi fídíò ọkọ̀ ojú omi kan ránṣẹ́ sórí fóònù. Ọmọ ọmọ mi, ẹni tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ló gbé e sí mi lójú. Mo rò pé ilé ni. Ó ga ju búlọ́ọ̀kù wa níbí ní Festac lọ. Ṣọ́ọ̀bù wà nínú rẹ̀, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí omi náà ló ṣì wà.

"Màámi, irú ọkọ̀ tí mo fẹ́ ká jọ wọ̀ nìyẹn," ni ọmọ mi wí. "Mo ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Èmi àti ẹ̀yin nìkan. Ẹ ti tọ́ wa tó, ẹ jẹ́ ká jáde."

Láti ọdún gbọọrọ ni mi ò ti rí ọmọ yìí jókòó tì. Bó bá wálé, ìgbéyàwó ẹnì kan ni tàbí òkú ẹnì kan, á sì tún sáré padà kí n tó bi í léèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí. Kí n rí i fún ọjọ́ mélòó kan, kó má sáré lọ síbì kankan, ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn. Mo ní alihamudulilahi, Ọlọ́run á jẹ́ ká rí i. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Àyà mi ti já.

Gbogbo wọn rò pé omi ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé nísàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù wa, tí mò ń pè ní Ìyá Ìsàlẹ̀, tí òun náà ń pè mí ní Ìyá Òkè látọjọ́ tá a jọ kó débí, kò jẹ́ kí n sinmi.

"Ìyá Òkè! Ìwọ tí o ò lè fo gọ́tà bí òjò bá rọ̀, ìwọ lo fẹ́ wọ òkun?"

"Gọ́tà Festac le ju òkun lọ," mo dá a lóhùn.

"Ó dáa. Bí ẹja bá gbé ọ mì, sọ fún un kó bì ọ́ sí Alákijà nítòsí ibí, ká lè tètè rí ọ gbé."

Omi kọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló wà nínú fídíò yẹn. Ó gùn débi pé mi ò rí òpin rẹ̀. Ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún, ilẹ̀kùn lósì, gbogbo wọn bí ìbejì, nọ́ńbà tín-ín-tìn-ìn lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ò sì mọ̀wé. Owó ni mo mọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ni mo sì fi mọ̀ ọ́n. Ta ló máa kun ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní àwọ̀ nítorí tèmi?

Irú ibi tí gbogbo nǹkan ti jọra bẹ́ẹ̀ ti fojú mi rí nǹkan rí. Ọkọ mi, tó jẹ́ awakọ̀ níbi iṣẹ́ ìjọba, ni wọ́n fún ní ilé tá a wà yìí, a sì kó wá láti Muṣin. Kí n tó dé Muṣin, Ìwó ni mo ti dàgbà. Ní Ìwó, bí ọmọ bá ṣìnà, agboolé rẹ̀ ni wọ́n á bi í. Bó bá ti dárúkọ agboolé, wọ́n á mú un délé, wọ́n á tún fún un ní ẹ̀kọ jẹ lọ́nà. Àmọ́ Festac tí mo dé, ilé kan náà ni wọ́n kọ́ títí lọ. Ọ̀dà kan náà, fèrèsé kan náà, àkàsọ̀ kan náà.

Lọ́jọ́ kan tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo jáde lọ ra ata àti epo lọ́jà lọ́nà Kuje. Mo pọn àbúrò àkọ́bí mi yìí sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Nígbà tá à ń bọ̀, mi ò mọ ibi tí mo ti jáde mọ́. Mo bi obìnrin kan pé, ẹ jọ̀ọ́, ilé wa dà? Ó ní, "Rọ́ọ̀dù wo lẹ wà? Kílóòsì wo?" Mo ní ilé awakọ̀ ni, ará Ìwó. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

Mo gun àkàsọ̀ kan tó jọ tiwa, mo ti ilẹ̀kùn. Bàbá kan yọ sí mi, táwẹ́ẹ̀lì ló ró, ọṣẹ ṣì wà létí rẹ̀.

"Ta lẹ ń wá?"

"Ara mi ni, sà," ni mo wí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn.

Oòrùn ti ń lọ sílé rẹ̀ kí ọmọbìnrin mi tó nàka sókè. "Màámi, ọ̀já mi nìyẹn!" Ọ̀já pupa tí mo fi máa ń pọ̀n ọ́n, tí mo fọ̀ láàárọ̀, ló ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí bákónì. Mo jókòó sórí àkàsọ̀ wa. Láti ọjọ́ náà, ọ̀já pupa kì í wọ́n lára bákónì mi. Bí èyí bá ṣá, mo ra òmíràn. Ìyá Ìsàlẹ̀ ní kí ni mò ń ta, ó sọ mí ní Ìyá Alásíá. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọkọ mi pàápàá kú, kò mọ̀.

Nígbà tí mo rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọkọ̀ yẹn, ṣe ni mo rí ara mi níbẹ̀, àgbàlagbà tó lọ ṣàlùwàlá tí kò mọ̀nà padà, tí wọ́n ń fà kiri bí ewúrẹ́ tó sọnù, tí ọmọ mi ń bẹ àwọn èèyàn pé ẹ má bínú, ìyá mi ni. Ṣé irú ìsinmi tó wá fún nìyẹn?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwáwí. Lónìí orókún ni, lọ́la òtútù ni, lọ́túnla oúnjẹ wọn. Títí ó fi di ọjọ́ kan tó pè, tó ní àwọn ọlọ́kọ̀ ń bi òun bóyá à ń bọ̀ tàbí a ò wá. Mo tún dárúkọ orókún. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ ò fẹ́ bá mi lọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní, "Ṣé o rántí ọ̀já pupa?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń wúkọ́. "Ọjọ́ bàbá onítáwẹ́ẹ̀lì? Há à! Màámi, mo rò pé ẹ mọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé eré la jọ ń ṣe, pé ẹ ní kí n wá ilé wa rí ni."

Mo ní, "Eré kọ́ o. Mo sọnù ni. Mi ò sì fẹ́ sọnù sórí òkun."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò tètè sọ? Ẹ gbàgbé ọkọ̀ ńlá. Ẹ sọ irú ìrìn tó wù yín fún mi."

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní mo fẹ́ máa rí ilẹ̀. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, kí n wọ ọjà wọn, kí n ná ohun tí mi ò ní rà. Mo sì fẹ́ máa kí gbogbo èèyàn tá a bá jọ wà láàárọ̀, kẹ́nì kankan má ṣẹ́kù. Nínú ọkọ̀ ńlá yẹn, ilẹ̀ á ṣú kí n tó kí wọn tán.

Ó wá ọkọ̀ kékeré lọ. Àkọ́kọ́ tó rí, àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń bẹ́ sínú omi tútù, àkàbà okùn ni wọ́n fi ń gòkè. Mo ní kó sọ fún wọn pé orókún mi kí wọn. Èkejì, ó mọ́, ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n gbogbo wọn jókòó sídìí oúnjẹ bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Níbo la fẹ́ gbà rẹ́rìn-ín? Ẹ̀kẹta ni ti odò Náílì, ní ilẹ̀ Íjíbítì. Odò ló ń gbà, kò dé òkun. Nínú fídíò rẹ̀, mo rí àgbẹ̀ ní bèbè ọ̀tún, mo rí ewúrẹ́ ní bèbè òsì. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á so ó mọ́ èbúté.

"Ilẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kò tó ilẹ̀kùn búlọ́ọ̀kù yín, Màámi."

"Èyí ni o! Èyí ni!" Mo pariwo débi pé Ìyá Ìsàlẹ̀ gbé ohùn sókè láti ìsàlẹ̀, ó ní ṣé ẹja ti gbé mi mì ni.

Ọmọ mi wá mú mi ní Èkó, a jọ wọ bàálù. Ọ̀já pupa wà nísàlẹ̀ àpò mi, mi ò tíì sọ fún un. Bá a ṣe wọ yàrá wa nínú ọkọ̀, kí n tó tú àpò, ó ti yọ ọ̀já kan jáde nínú tirẹ̀, pupa fòò, ó so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn níta. Tèmi ṣì wà nínú àpò títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ní òwúrọ̀ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo fi ọmọ mi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo dá jáde. Mo gòkè. Mo kí ẹni tó ń tukọ̀, mo kí ẹni tó ń nulẹ̀, sàláámù ni wọ́n fi dá mi lóhùn, kò sẹ́ni tó ṣẹ́kù. Obìnrin kan ń fọṣọ ní bèbè odò, mo juwọ́ sí i, òun náà fi aṣọ tútù juwọ́ sí mi. Ìgbà tí atẹ́gùn tó mi, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kúrú. Pupa yẹn wà níbẹ̀.

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọ mi ti jókòó, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ pẹ́ o, Màámi. Mo ti fẹ́ wá yín lọ."

"Wá ta?" ni mo wí. "Èmi tí mo mọlé." Mo bọ́ bàtà mi, mo ní kí òun náà bọ́ tirẹ̀, ká jókòó.